Ẹ̀jẹ̀ Mọ́, Ọpọlọ Ò Mọ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Òjò láti ìdájí. Òrùlé yàrá ọ̀bọ ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèjì kẹrin, mo gbé korobá sí i. Oògùn bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ọ̀bọ mẹ́fà, ìgò oríṣi méjì: ọlọ́mọrí aláwọ̀ ewé fún mẹ́ta, ọlọ́mọrí funfun fún mẹ́ta. Ọ̀gá, ìyáàfin tó ń darí ìwádìí yìí, ní kò sí ẹni tó gbọdọ̀ mọ èwo ni èwo títí iṣẹ́ yóò fi parí, òun náà kò mọ̀. Inú àpòòwé kan tí wọ́n lẹ̀ pa ni ìdáhùn wà, nínú àpótí irin. Mo ní kò burú. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń tọ́jú ọ̀bọ níbí, wọn kò tíì sọ èwo ni èwo fún mi rí.

Ìyálóde jẹ tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó tún nawọ́ sí ti aládùúgbò rẹ̀. Pẹ̀lẹ́ wò mí lójú kó tó jẹ ẹ́, bí ẹni ń béèrè bóyá mo mọ̀ sí i. Èmi ni mo fún wọn lórúkọ. Nọ́ńbà ni wọ́n ń jẹ́ nínú ìwé Ọ̀gá. Ó di oṣù mẹ́fà báyìí tí wọ́n ti gún wọn ní kòkòrò yẹn, ìbátan èyí tó ń fa éèdì lára èèyàn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wọ́n ní ìlọ́po méjì. Akápò ní ká máa gé e wẹ́wẹ́ sí i. Bí ẹni pé ọ̀bọ ò lójú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo lọ kí àbúrò mi. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá ìkíni náà dọ́gba. Ó fà mí sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ní wọ́n ti lé ọkọ òun kúrò ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ìgbà kẹta nìyẹn tó gé pákó kọ́bọ́ọ̀dù oníbàárà kúrú. Á wọ̀n ọ́n, á kọ ọ́ sílẹ̀, kó tó rìn dé ibi ayùn, nọ́ńbà míì á ti wà lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní òun ò lè máa fi pákó olówó ńlá dáná.

Mo wọlé, mo jókòó tì í. Ó ń bu tíì fún mi. Kọ́ọ̀pù kún, kò dáwọ́ dúró. Tíì ṣàn sórí tábìlì, ó ṣàn sílẹ̀, ó kàn ń wò ó bí ẹni ń wo òjò láti ojú fèrèsé.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ wò ó, Àǹtí. Ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

Mo fi àkísà nu tábìlì. Ohun tí mo rí yẹn, mo ti rí i rí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, ní kéèjì kejì. Pẹ̀lẹ́ mu omi títí, omi ń dà sí i láyà, kò mọ̀ pé ó yẹ kóun gbẹ́nu kúrò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ìdánwò lónìí. Àwòrán kan á yọ lójú ẹ̀rọ, á lọ, lẹ́yìn náà méjì á jọ yọ. Bí ọ̀bọ bá fọwọ́ kan èyí tó kọ́kọ́ rí, àjàrà gbígbẹ kan á já bọ́ fún un. Lọ́dún tó kọjá, mẹ́sàn-án ni Pẹ̀lẹ́ ń gbà nínú mẹ́wàá. Lónìí, márùn-ún. Afọ́jú tó ń fọwọ́ gba ojú ẹ̀rọ kiri á gba márùn-ún. Ọwọ́ rẹ̀ tún ń gbọ̀n kó tó dé ibi àwòrán. Ìyálóde gba mẹ́jọ, ó sì bínú nítorí méjì tó kù.

Ọlọ́mọrí funfun ni Pẹ̀lẹ́. Ọlọ́mọrí aláwọ̀ ewé ni Ìyálóde. Mi ò kọ ohun tí mo rò.

Ọ̀gá kó àwọn àlejò wá, àwọn tó ń fún wọn lówó iṣẹ́. Mo ń gbálẹ̀ nígbà tó ń ṣàlàyé fún wọn. Ó ní kòkòrò yìí kì í jókòó sínú ẹ̀jẹ̀ nìkan, pé kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì lára ló ti ń dé ọpọlọ. Àwọn sójà ara tó yẹ kó lé e dànù, àwọn gan-an ló ń fi ikùn ara wọn gbé e wọ inú ọpọlọ. Bó bá débẹ̀, kì í fọwọ́ ara rẹ̀ pa àwọn tó ń ronú. Àwọn ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ inú ọpọlọ ló máa ń bà lé lórí, àwọn yẹn á wá máa da oró sí àwọn tí wọ́n ń ṣọ́. Ó ní ògiri kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tí ọ̀pọ̀ oògùn kò lè gbà kọjá dáadáa. Àlejò kan bi í pé bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá wá fi hàn pé kòkòrò ti tán ńkọ́.

Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ lè mọ́ kí ọpọlọ má mọ́."

Mo dúró sójú kan pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni àbúrò mi ti ń lo oògùn éèdì tirẹ̀. Kò pa ọjọ́ kan jẹ rí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo kan ilẹ̀kùn Ọ̀gá. Mo sọ ọ̀rọ̀ àbúrò mi fún un, láti orí pákó dé orí tíì. Ojú kọ̀ǹpútà ló ń wò ní gbogbo ìgbà náà. Ó ní àánú ṣe òun, ṣùgbọ́n ọ̀bọ kì í ṣe èèyàn, òun ò sì lè sọ nǹkan kan títí èsì yóò fi jáde.

Níjẹta, níwájú olówó, ọ̀bọ àti èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ ìyá. Èmi wá gbé èèyàn wá lónìí, ọ̀bọ kì í ṣe èèyàn mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo gba ààyè níbi iṣẹ́, mo bá àbúrò mi lọ sí kíníìkì tó ti ń gba oògùn. Wákàtí mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi mí pé níbo la wà. Ìgbà kẹrin, kò béèrè mọ́. Mo mọ̀ pé kò tíì mọ̀, ojú ló ń tì í.

Dókítà náà kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, gíláàsì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú rẹ̀ tán. Ó ṣí fáìlì, inú rẹ̀ dùn. Ó ní wọn ò rí kòkòrò kankan mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ mọ́ bí omi òjò, kí gbogbo aláìsàn máa ṣe bíi tirẹ̀. Mo ní orí rẹ̀ ni mo gbé wá, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó bi àbúrò mi bóyá ó ń mutí. Àbúrò mi ní rárá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kó máa mutí. Mo ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, ṣé wọn ò lè wò ó bóyá ó ti sá sínú ọpọlọ níbi tí oògùn ò dé. Ìgbà yẹn ló gbójú sókè.

"Ṣé dókítà ni yín ni, mà?"

"Rárá. Ọ̀bọ ni mò ń tọ́jú."

Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, èyí ló tiẹ̀ dùn mí jù. Ó ní kí ó máa sinmi, kó má ronú jù. Ẹni tí kò lè ronú, wọ́n ní kó má ronú jù. A gba oògùn oṣù mẹ́ta, èyí tó ti ń lò náà, a wá sílé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù keje

Ó ti bàjẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ ní kó lọ mú ọmọ wọn obìnrin níléèwé lánàá. Ó jáde lóòótọ́. Ó rìn dé iwájú ilé ìfowópamọ́, ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe. Òjò dé, ó sá wọ abẹ́ òrùlé, ó wá sílé nígbà tó dá. Ọmọ ọdún mẹ́fà dúró lẹ́nu géètì iléèwé nínú òjò yẹn kan náà títí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Olùkọ́ kan ló fà á lọ́wọ́ wálé.

Ìyàwó rẹ̀ pè mí láàárọ̀ yìí láti ilé ìyá rẹ̀. Ó ti kó ẹrù, ó ti mú ọmọ lọ. Mo ní ká jọ sọ ọ́. Ó ní, "Àǹtí, bó bá jẹ́ èmi ló gbàgbé, mo lè dárí jì í. Ọmọ mi kò lè máa kú sí ọ̀nà nítorí pé ẹnì kan ò bìkítà." Mo ní kì í ṣe àìbìkítà, àìsàn ni. Ó ní àìsàn wo, nígbà tí dókítà fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ara ọkọ òun le.

Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé mo rí i lára ọ̀bọ?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Ó ti wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Mo fún un ní yàrá tó kọjú sí ìta. Ó to bàtà rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì dáadáa, ó wá jókòó, ó ń dúró de ẹni tó máa sọ ohun tó kàn fún un.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Òjò. Pẹ̀lẹ́, mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ìyálóde, mẹ́jọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

A ti di márùn-ún. Akọ kékeré tó wà ní kéèjì kẹfà kú. Dókítà ẹranko, tí gbogbo wa ń pè ní Baba Abẹ́rẹ́, ní ẹ̀dọ̀fóró ló pa á, pé kò kan ọpọlọ. Ọlọ́mọrí aláwọ̀ ewé ni. Oògùn rẹ̀ ku mẹ́rìnlá nínú ìgò. Òfin ni kí n ka iye rẹ̀ sínú ìwé, kí n dá a padà sí sítọ́ọ̀.

Mo kọ òdo sínú ìwé. Mo da mẹ́rìnlá náà sínú áńkáṣífù mi, mo dì í.

Mo fi ojú mi rí Ìyálóde, tó ń lo aláwọ̀ ewé kan náà. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo gbé e ka orí tábìlì lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́. Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́kàn: ọ̀bọ kékeré ló ń lo kan lóòjọ́, èèyàn á lo mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Báyìí ni èmi tí mi ò ka ìwé kọjá girama ṣe di oníṣègùn.

Àbúrò mi mú kan. Kò bi mí pé kí ni. Ó gbé e sẹ́nu, ó nawọ́ sí omi. Mo ní, "Dúró ná. O ò tiẹ̀ béèrè ohun tó jẹ́?"

Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ fún mi."

Bẹ́ẹ̀ ni Pẹ̀lẹ́ ṣe ń wò mí kó tó jẹ tirẹ̀. Mo tẹ́wọ́ sí i lẹ́nu, mo ní kó tu ú síbẹ̀. Ó tu ú. Ó rò pé òun ti ṣe nǹkan tí kò dáa, ó ń bẹ̀ mí.

Mi ò mọ ìgbà tí mo ti burú tó báyìí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá lọ fún Ọ̀gá, èyí tó ti wọ ẹnu pẹ̀lú. Wọ́n ní ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Èmi pẹ́. Ó kà á, ó tún un kà. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé oògùn yìí lè pa èèyàn. Mo ní mo mọ̀. Ó ní kí ló wá dé. Mo tún sọ gbogbo rẹ̀, pákó, tíì, ọmọ nínú òjò. Lọ́tẹ̀ yìí ó yí àga kúrò níwájú kọ̀ǹpútà.

Ó bi mí pé ó ti tó ìgbà wo tó ti ń rí bẹ́ẹ̀. Mo ní ó ju oṣù márùn-ún lọ. Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún yín, mà. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó kọjá. Ẹ ní ọ̀bọ kì í ṣe èèyàn."

Ó mú bébà àti bírò jáde. Lẹ́yìn náà ó kọ ìwé méjì. Ọ̀kan sí dókítà ọpọlọ kan tó mọ̀ ní ọsibítù ńlá, pé kó yẹ omi inú eegun ẹ̀yìn àbúrò mi wò kíákíá. Èkejì sí èmi, ìwé ìkìlọ̀, tí wọ́n máa fi sínú fáìlì mi títí n ó fi fẹ̀yìn tì. Ó fọwọ́ sí méjèèjì pẹ̀lú bírò kan náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún èkíní, mo fọwọ́ sí èkejì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ọsibítù ńlá. Wọ́n ní kó ká ara rẹ̀ bí ọmọ inú oyún, wọ́n ki abẹ́rẹ́ gígùn bọ ìbàdí rẹ̀. Kò ké. Ó di ìka mi mú, ó ń ka nǹkan lábẹ́nu. Mo tẹ́tí: ìwọ̀n pákó ló ń kà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Èsì dé. Nínú ẹ̀jẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Nínú omi ẹ̀yìn, tó tún yí ọpọlọ ká, kòkòrò pọ̀ débi pé dókítà ọpọlọ ní kí wọ́n tún un kà kóun tó gbà. Ó pààrọ̀ oògùn rẹ̀ sí irú èyí tó máa ń gba ògiri yẹn kọjá. Mo bi í pé ṣé èyí tó ti bàjẹ́ á padà. Ó ní apá kan lè padà, apá kan ò ní padà, pé à bá ti gbé e wá láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn.

Mo pe ìyàwó rẹ̀, mo ka èsì náà fún un lórí fóònù. Ó sunkún. Ó ní kí n má bínú. Kò sọ pé òun ń bọ̀.

Mo fẹ́ mú ìwé náà lọ fún ọmọ onígíláàsì yẹn. Mo dé ẹnu géètì kíníìkì, mo rí àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n tó ọgọ́ta, dókítà kan ṣoṣo. Mo lẹ ẹ̀dà kan mọ́ fáìlì rẹ̀ lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, mo padà. Ìbínú mi ò tán. Kò kàn rí ibi jókòó sí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ

Ọjọ́ tí wọ́n dá láti parí iṣẹ́ lára àwọn ọ̀bọ pé. Ojú ọjọ́ mọ́, oòrùn ràn, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí òrùlé ò jò.

Òfin ni kí wọ́n má jẹun láti àná. Ìyálóde nawọ́ fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí oorun abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ fi gbé e lọ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ nígbà tí Baba Abẹ́rẹ́ gún un ní èkejì, èyí tí wọn kì í jí lẹ́yìn rẹ̀.

Pẹ̀lẹ́ ló gbẹ̀yìn. Kò jà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń gbọ̀n, lẹ́yìn náà kò gbọ̀n mọ́. Baba Abẹ́rẹ́, tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú, ní kí n lọ fojú kan ìta. Mo ní mo ti fojú kan ìta rí.

Mo fọ kéèjì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó gbà mí títí di aago mẹ́rin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ogúnjọ́

Wọ́n ti gé ọpọlọ wọn bí ẹni gé búrẹ́dì, wọ́n ti pa á láró, wọ́n ti wò ó. Lónìí ni wọ́n ṣí àpòòwé.

Ọpọlọ Ìyálóde kún fún kòkòrò. Àwọn ọlọ́dẹ inú rẹ̀ ti so pọ̀ ní mẹ́rin-mẹ́rin, márùn-ún-márùn-ún, bí àwọn tó ń gbìmọ̀ ìkà. Ọgbọ́n àtilẹ̀wá ló fi ń gba mẹ́jọ, Ọ̀gá ní bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ì bá já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Pẹ̀lẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tán. Oògùn funfun dé ibẹ̀, ó lé kòkòrò dànù, àmọ́ ilé ti wó kó tó dé.

Ọ̀gá ka èyí tó kù fún wa. Ọlọ́mọrí funfun ni oògùn tuntun. Ọlọ́mọrí aláwọ̀ ewé ni ògbólógbòó, èyí tí wọ́n ń pín ní kíníìkì káàkiri. Mo ní kó tún orúkọ rẹ̀ pè. Ó tún un pè.

Oògùn tí àbúrò mi ti ń gbé mì fún ọdún mẹ́sàn-án ni. Òun ni mo jí fún un.

Mo jáde lọ sí ibi ìfọwọ́, mo rẹ́rìn-ín títí akápò fi wá wò mí.

Àwọn ọ̀bọ mìíràn ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, mẹ́jọ. Ọ̀gá ní wọ́n fẹ́ fún wọn ní funfun ní kùtù, kí ilé tó wó. Ó ní ṣé mo máa wà níbẹ̀, nítorí ìwé tó wà nínú fáìlì mi, mo lè ní kí wọ́n gbé mi lọ sí ẹ̀ka míì. Mo ní mo máa wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ọ̀sẹ̀ kẹrin tí oògùn ti yí padà. Láàárọ̀ yìí ó bu tíì tirẹ̀, ó dáwọ́ dúró nígbà tó yẹ. Mo yíjú sí fèrèsé, kó má bàa mọ̀ pé mò ń wo òun.

Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé òun gbìyànjú láti ya àwòrán àga kan lánàá, àga lásán, ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ó ní òun mọ bó ṣe yẹ kó rí, ọwọ́ òun ni kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó ní ó sàn nígbà tóun ò mọ̀ pé nǹkan ti sọnù. Mo ní bóyá á padà. Ó wò mí. Ó ní kí n má purọ́ fún òun mọ́, àwọn èèyàn ti fi oṣù púpọ̀ purọ́ fún òun, òun sì ń gbà á.

Ó wá béèrè ohun tí mò ń ṣe gan-an níbi iṣẹ́. Láti ọdún mọ́kànlá, ohun tí mo máa ń sọ ni pé mò ń bọ́ ẹran. Mo sọ fún un. Pé kòkòrò tó jọ tirẹ̀ la ń fi sí àwọn ọ̀bọ lára láti wo bó ṣe ń ba ọpọlọ jẹ́. Pé wọ́n mọ̀ mí, wọ́n ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi, ibẹ̀ náà la ti pa wọ́n. Pé àwọn ni mo fi dá tirẹ̀ mọ̀. Ó gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀ láìsọnù sójú ọ̀nà, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ó ní, "Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn nígbà tí wọ́n ń kú?"

"Èmi."

Ó fi ìka nu etí kọ́ọ̀pù rẹ̀, ó ń ronú. Mo jẹ́ kó ronú.

Ó ní, "Tó bá di tèmi, kí ẹ wà níbẹ̀."

Mo ní n ó wà níbẹ̀.